Owó Ọ̀rọ̀ Ẹnu

Kíréètì ẹyin méjì àti 2,000 náírà owó ọkọ̀ ni owó àkọ́kọ́ tí mo gbà nítorí pé mo gba ènìyàn nímọ̀ràn. Ọdún 2014 ni. Ó ti tó ọdún mẹ́fà nígbà náà tí mo ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà lọ́fẹ̀ẹ́ láti ẹ̀yìn tábìlì mi ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ adìyẹ, n kò sì fìgbà kan rò ó pé ohun tó ṣe é tà ni. Lónìí, iṣẹ́ tó ń bọ́ mi ni pé kí n yẹ ìwé ìṣirò àwọn tó ń sin adìyẹ ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ wò, kí n jókòó sínú ilé adìyẹ wọn láti ìdájí, kí n sì fi ibi tí àpò wọn ti ń jò hàn wọ́n. Àwọn kan ń pè mí ní kọ́nsọ́tántì. Ìyá Ìbejì oníwèé ni àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ń pè mí. Ẹni tó bá mọ̀ pé n kò ka ìmọ̀ ìṣègùn ẹran, tí n kò sì ka ìmọ̀ ọ̀gbìn, á bi mí pé báwo ni mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí. Mo máa ń ní kó wá àga jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró.

Ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ni mo kà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ sì mú kí ohun tó yẹ kó gba ọdún mẹ́rin gbà wá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán, báńkì kan ní Dùgbẹ̀ gbà mí síṣẹ́ ní ọdún 2002. Inú bàbá mi dùn débi pé wọ́n mú mi lọ dúró níwájú Ilé Kòkó, ilé alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n kọ́ parí ní ọdún 1965, kí ayàwòrán lè yà mí pẹ̀lú kóòtù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán. Bàbá mi ti rò pé ẹ̀yìn káńtà ni mo máa jókòó sí, tí n óò máa ka owó. Báńkì kò gbà mí fún ìyẹn. Òde ni wọ́n rán mi, pé kí n lọ wá owó wá. Iye kan wà tí orúkọ mi gbọ́dọ̀ mú wọlé lóṣooṣù, tágẹ́ẹ̀tì là ń pè é, bí oṣù bá sì parí tí kò pé, ìpàdé òwúrọ̀ Mọ́ńdè á di ìdájọ́.

Mo rin Gbági, mo rin Òjé, mo rin Bódìjà títí bàtà fi jẹ mí lẹ́sẹ̀. Ní Bódìjà, ìyá kan wà tí wọ́n ń ta àgbàdo àti ọkà bàbà, tí ògiri ẹ̀yìn àpò ọjà wọn kún fún ìlà èédú: ìlà tó dúró ni gbèsè tí oníbàárà jẹ, ìlà tó sùn ni èyí tí wọ́n ti san, àmì tó dà bí ìkọ́ sì ni ti ẹni tó ti na pápá bora. Mo bi ìyá náà léèrè èrè tí wọ́n jẹ lóṣù tó kọjá, wọ́n ní Ọlọ́run ló mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ń jẹun. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. N kò mọ̀ pé gbólóhùn yẹn ni n óò máa bá pàdé lẹ́nu oníbàárà tèmi ní ogún ọdún lẹ́yìn ìgbà náà.

Ní oṣù Keje ọdún 2004, Charles Soludo tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà kéde pé owó ìdókòwò tí báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní kúrò ní bílíọ̀nù 2 náírà, ó di bílíọ̀nù 25, gbèdéke rẹ̀ sì ni ìparí oṣù Kejìlá ọdún 2005. Báńkì 89 ló wà nílẹ̀. Nígbà tí gbèdéke pé, 25 ló ṣẹ́ kù, nítorí àwọn kan dara pọ̀ mọ́ra wọn, àwọn mìíràn sì kógbá wọlé. Báńkì tiwa wà lára àwọn tó ń wá ẹni tí wọn yóò dà pọ̀ mọ́. Ohun tí àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn kò rí ni pé bí báńkì méjì bá di ọ̀kan, tábìlì méjì náà a di ọ̀kan, ẹnì kan á sì dìde. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005, èmi ni mo dìde. Lẹ́tà náà kò ju ìlà mẹ́rin lọ, wọ́n sì ṣi orúkọ bàbá mi kọ nínú rẹ̀.

Owó díẹ̀ tí wọ́n san fún mi ni mo fi ra léyà 400, adìyẹ tí a ń sìn nítorí ẹyin, tó kù díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yé, mo sì háyà ilé adìyẹ kan ní Ọmí-Àdíò. Kí n má parọ́, n kò nífẹ̀ẹ́ adìyẹ. Ẹnì kan ní ìjọ wa ló sọ pé ẹyin kì í kùtà. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2006, kíréètì mẹ́wàá ni mo ń kó lójúmọ́, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo mọ́tò àlòkù. Oṣù Kejì ló dé tí ìròyìn jáde pé àrùn ẹyẹ H5N1 ti wọ oko adìyẹ kan ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rí irú rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Kàdúná jìnnà sí Ọmí-Àdíò, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í wọ ọkọ̀ kó tó dé ibi tó ń lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ìyá alẹ́yin tó ti ń jà sí ẹyin mi lẹ́nu ọ̀nà kò gbé fóònù mi mọ́. Adìyẹ kò sì mọ̀ pé ọjà ti kú. Ó ń yé lọ ni, ó ń jẹun lọ ni, báàgì fíìdì méjì ó dín díẹ̀ lójúmọ́. Ẹyin la fi ń jẹ iṣu, ẹyin la fi ń jẹ ẹ̀wà, ẹyin la fi ń kí ará àdúgbò, títí ọkọ mi fi sọ pé bí òun bá tún rí ẹyin nínú àwo, òun á ké bí àkùkọ. Mo ta àwọn adìyẹ náà ní ìlàjì owó tí mo fi rà wọ́n.

Ohun kan ṣoṣo tí mo gbé kúrò ní Ọmí-Àdíò ni ìwé àjákọ kan. Báńkì ti sọ mí di ẹni tí kì í lè sùn láìkọ ìṣirò ọjọ́ náà sílẹ̀, nítorí náà gbogbo báàgì, gbogbo kíréètì, gbogbo adìyẹ tó kú ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ó tó oṣù mélòó kan kí n tó lè ṣí i wò. Nígbà tí mo ṣí i, mo rí nǹkan kan tó dùn mí ju àrùn ẹyẹ lọ: ká ní àrùn náà kò tilẹ̀ wá, ǹ bá ṣì jẹ gbèsè. Mo ti ka fíìdì, mo ti ka oògùn, ṣùgbọ́n n kò ka owó ilé tí mo háyà, n kò ka ọkọ̀ tí mo ń wọ̀ láti Ring Road lójoojúmọ́, n kò sì ka pé adìyẹ tí mo rà á darúgbó, yóò sì pọn dandan kí n ra òmíràn. Èrè tí mo rò pé mo ń jẹ, ara adìyẹ ni mo ń gé jẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ètò ọrọ̀ ajé fún ọdún méjì. Nǹkan bí oṣù mẹ́jọ nínú rẹ̀ ni mo fi ń lọ kí ọ̀gá kan tó ṣèlérí iṣẹ́ ìjọba fún mi. Èso tí mo gbé lọ fún un tó mú ẹlòmíràn ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ní ọdún 2008, ilé iṣẹ́ tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan gbà mí pé kí n máa tọ́jú ìwé sítọ́ọ̀ wọn. Ibẹ̀ gan-an ni ojú mi ti là. Àwọn àgbẹ̀ á gbé àgbàdo wá, wọn á tò sórí ìlà, wọn á sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú mi títí ó fi máa kàn wọ́n. Ẹni tó ń dúró de ẹ̀rọ kò ní ohun méjì tó lè ṣe ju kó máa sọ̀rọ̀ lọ. Àdánù wọn ni wọ́n ń sọ: ẹyin tó dín kù, ọmọ oko tó ń jalè, òròmọdìyẹ 200 tí àrùn lúkúlúkú pa ní ọ̀sẹ̀ kan nítorí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ti gbóná nínú mọ́tò kó tó dé oko. Èmi sì ní ìwé níwájú mi. Mo mọ iye báàgì tí lágbájá ń gbé lọ lọ́sẹ̀, mo mọ iye adìyẹ tó sọ pé òun ní, mo sì lè sọ fún un kí ẹ̀rọ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pé ìṣirò méjèèjì kò bára mu. Mo ń sọ ọ́ bí ẹni ń kí ènìyàn kú àárọ̀ ni, láìgba kọ́bọ̀. Ní ọdún 2014, ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà papò dà, àwọn ọmọ rẹ̀ ta ẹ̀rọ, mo sì tún dìde lórí tábìlì.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Àlájì kan tó ní oko lọ́nà Mọ́níyà fi pè mí. Léyà 1,000 ló ní, ó sì ti pinnu pé ọmọkùnrin tó ń bá òun tọ́jú wọn ń ta fíìdì lẹ́yìn òun. Ó ń fẹ́ kí n wá fi ìwé bá òun mú un kó tó lé e lọ. Mo débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo ti yá òṣùwọ̀n kékeré lọ́wọ́ ẹlẹ́ran kan ní Bódìjà, ó sì ń rùn díẹ̀. Léyà tó ń yé dáadáa a máa jẹ tó gíráàmù 115 lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni 1,000 á jẹ kílò 115, èyí tí kò pé báàgì márùn-ún oníkílò 25. Báàgì márùn-ún àbọ̀ ni wọ́n ń lò. Mo jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo dorí rẹ̀ kodò, mo sì ń wo ọmọ náà bó ṣe ń bu oúnjẹ láti kéèjì kan dé èkejì pẹ̀lú ike ọ̀dà. Mo ní kó bu ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n fún mi. Mo ní kó tún un bù. Mo bi í pé níbo ló ti rí ike yẹn, ó ní èyí tí òun ń lò tẹ́lẹ̀ fọ́ ní oṣù tó kọjá, òun sì mú òmíràn níbi tí àwọn kunlékunlé ti ṣiṣẹ́. Ike tuntun náà fi díẹ̀ tóbi ju ti àtijọ́. Ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n rí i. Oúnjẹ kún ọpọ́n kéèjì dé ẹnu, àwọn adìyẹ sì ń fi àgógó gbọ̀n ọ́n dà sílẹ̀ bí ẹni ń ku èlùbọ́.

Àlájì dé ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ, ó sì ké sí mi láti ẹnu ọ̀nà pé, “Ìyá Ìbejì, ẹ ti rí olè náà?”

Mo ní, “Àlájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo abẹ́ kéèjì.”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi igi tú ìgbẹ́ adìyẹ, ó sì rí fíìdì tó dì mọ́ ọn bíi gààrí tí omi ta sí. Mo ṣírò rẹ̀ fún un lórí ẹ̀yìn páálí: kílò méjìlélógún àbọ̀ lójúmọ́, báàgì 27 lóṣù. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ náà ti ń kẹ́rù rẹ̀ láti àárọ̀, nítorí ó ti mọ ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè mí. Àlájì ní kó lọ tú u. Nígbà tí mo ń lọ, wọ́n gbé kíréètì ẹyin méjì sí mi lórí itan nínú ọkọ̀, Àlájì sì fi 2,000 náírà lé e, ó ní kí n fi wọ mọ́tò. Ó dúpẹ́ títí. Mo wo ẹyin náà, mo rántí Ọmí-Àdíò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, débi pé dírẹ́bà bi mí bóyá kò sí nǹkan.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń gbèrò irú iṣẹ́ yìí mọ̀ ni pé mímọ iṣẹ́ kì í ṣe ìṣòro. Dídárúkọ owó ni ìṣòro. Nílẹ̀ wa, ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn. Àgbà ń gba ọmọdé nímọ̀ràn, ẹ̀gbọ́n ń gba àbúrò, ẹni tó bá sì díye lé e dà bí ẹni tó ń ta omi fún àlejò. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń lọ láti oko kan sí èkejì tí mo ń gba ẹyin, iṣu, àdúrà àti owó mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí wọ́n ń ta aṣọ òkè ní Òjé, ló là mí lóye. Wọ́n bi mí pé ṣé mo ti gbọ́ ọ rí pé babaláwo dá Ifá láìjẹ́ pé oníbéèrè fi owó lélẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe ojúkòkòrò; ẹni tí kò bá fi nǹkan tirẹ̀ sílẹ̀ kò ní fetí sílẹ̀, bó bá sì délé, á ṣe ohun tó ti fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ rántí pé ìyá tó ti Mẹ́kà dé ló ń sọ ọ́ o. Mo wo ẹ̀yìn wò, mo sì rí i pé òótọ́ ni: nínú gbogbo àwọn tí mo gbà nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọlọ́fíìdì, n kò lè ka mẹ́ta tó ṣe ohun tí mo wí.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ owó, mo sì kọ́kọ́ ṣubú. Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì kan ní Ẹgbẹ́dá fẹ́ fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òròmọdìyẹ 2,000. A fẹnu kò sí iye kan, n kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, n kò sì gba nǹkan kan ṣáájú. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ṣe ìṣirò náà. Òròmọdìyẹ kì í yé ẹyin àkọ́kọ́ títí á fi pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjìdínlógún sí ogún, owó bàbá náà á sì tán ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá. Mo gbé e lọ bá a, mo ní kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 600, tàbí kó má bẹ̀rẹ̀ rárá. Ó gbọ́ mi tán, ó sì ní, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n má ṣe é, kí ni mo máa sanwó fún?” N kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Èsì náà ti wà lẹ́nu mi báyìí, mo tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn tí mo máa ń fún oníbàárà: ìdajì owó ṣáájú, ìdajì lọ́jọ́ tí mo bá gbé èsì wá, yálà èsì náà dùn mọ́ni tàbí kò dùn mọ́ni.

Ọdún 2016 ni mo forúkọ iṣẹ́ mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, orúkọ okòwò lásán. Orúkọ àkọ́kọ́ tí mo mú wá jọ ti ẹlòmíràn, wọ́n dá a padà, mo bá lo èkejì tí n kò fẹ́ràn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe fún àjọ kan tí kì í ṣe ti ìjọba fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di alárìíwísí. Owó wọlé, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sì dín nínú rẹ̀. Mo pe akápò wọn pẹ̀lú ohùn tí n kò fi ń pe ènìyàn, ó sì fi sùúrù ṣàlàyé fún mi pé owó orí ni wọ́n yọ sílẹ̀ lórúkọ mi, pé kí n gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kí n lè fi dín owó orí ọdún náà kù lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Èmi tí mo ka ètò ọrọ̀ ajé! Nígbà tó yá, àwọn àjọ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè fún ilé iṣẹ́ tó dúró gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́. Ṣáájú, ènìyàn méjì ló gbọ́dọ̀ jọ dá a sílẹ̀, n kò sì fẹ́ fi orúkọ ọkọ mi há iṣẹ́ tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Òfin ilé iṣẹ́ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, èyí tó rọ́pò ti ọdún 1990, ló fàyè gba ẹnì kan ṣoṣo, mo sì lò ó ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ọdún 2020 náà ni iṣẹ́ mi yí padà. Ní oṣù Keje, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí àwọn báńkì má ta owó ilẹ̀ òkèèrè mọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ kó àgbàdo wọlé, àgbàdo tó jẹ́ nǹkan bí ìdajì oúnjẹ léyà sì ti ń gbówó lórí tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ti ń sọ pé Ọlọ́run ló mọ̀ fẹ́ mọ̀ wàyí. Ìbéèrè tí wọ́n ń gbé wá kì í ṣe báwo ni èrè ṣe máa pọ̀. Wọ́n ń bi mí bóyá kí àwọn ta adìyẹ báyìí tàbí kí àwọn fara dà á fún oṣù méjì sí i. Mo rán àwọn kan lọ sí ọgbà IITA, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí ọ̀gbìn, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, níbi tí àwọn oníwádìí ILRI, àjọ tó ń ṣe ìwádìí ẹran ọ̀sìn, ti ń fi bí a ṣe ń rin èèpo ẹ̀gẹ́, tí a ń fún omi rẹ̀, tí a sì ń sá a di oúnjẹ ẹran hàn. Àwọn mìíràn ni mo sọ fún pé kí wọ́n tà. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tó nira jù fún mi láti gba owó lé lórí, mo sì gbà á.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo dúró sí orítá kan ní Ẹgbẹ́dá ní agogo márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Oníbàárà tuntun ni, léyà 3,000, kò sì tíì san ìdajì tí a jọ sọ. Ó pè mí pé, “Ìyá Ìbejì, ẹ máa bọ̀, a ò ní jà lórí owó.” Mo ní, “Ọ̀gá, torí ká má baà jà ni mo ṣe dúró síbí.” Ó rẹ́rìn-ín, ó pa fóònù. Alákàrà kan ń dá iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo ra márùn-ún, mo jókòó sínú mọ́tò, mo ṣí fèrèsé. Mo ti jẹ mẹ́rin tán kí fóònù tó dún. Mo nu òróró ọwọ́ mi, mo wo iye tó wọlé, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ṣíná sí mọ́tò.